Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí nípa Roger Sherman, ṣúmẹ́kà tó di lọ́yà tó sì di aṣòfin

Government ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ SS2, ó sì ti pẹ́ díẹ̀. Gbogbo ìgbà tá a bá ti dé orí ẹ̀kọ́ ilé aṣòfin méjì, ọmọ kan á nawọ́ sókè, á ní kí ló dé tí Bayelsa ní sẹ́nétọ̀ mẹ́ta tí Kano àti Èkó náà sì ní mẹ́ta, ṣé bákan náà ni wọ́n pọ̀ tó ni. Ìbéèrè yẹn ló máa ń gbé mi dé ọ̀dọ̀ bàbá kan tó ti kú láti 1793, Roger Sherman ti Connecticut, ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, tí n bá sì ti dárúkọ ẹ̀ báyìí ìbéèrè míì á tún tẹ̀ lé e, òmíràn á tún tẹ̀ lé ìyẹn. Mo wá ní kí n kúkú kó wọn jọ síbì kan, àtèyí tí àwọn ọmọ bi mí àtèyí tí àwọn òbí wọn bi mí.

Ta tiẹ̀ ni Sherman yìí? Mi ò gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí.

Ẹ ò jẹ̀bi. Washington, Jefferson, Franklin, àwọn yẹn lorúkọ wọn gbalé gboko. Sherman ò jẹ ààrẹ, kò ṣe ọ̀gágun, kò sì dá ìwé ńlá kankan kọ tí wọ́n ń kà káàkiri ayé. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá rí dọ́là méjì, èyí tí ò wọ́pọ̀ yẹn, ẹ yí i sẹ́yìn, ẹ máa rí àwọn ọkùnrin márùn-ún tó dúró síwájú tábìlì, Sherman wà láàárín wọn. Lọ́yà ni, adájọ́ ni, aṣòfin ni, ó sì ṣe méyọ̀ ìlú New Haven. Ọwọ́ ẹ̀ wà nínú gbogbo ìwé tí wọ́n fi dá orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà sílẹ̀, tèmi ni pé tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe mọ ilé yẹn gan-an, ẹ fi àwọn tó ń sọ̀rọ̀ dídùn sílẹ̀ díẹ̀ kẹ́ ẹ wo bàbá yìí.

Ṣé òótọ́ ni pé ṣúmẹ́kà ni?

Òótọ́ ni o. Newton ní Massachusetts ni wọ́n bí i sí ní April 19, 1721, kò tíì ju ọmọ ọdún méjì lọ tí àwọn òbí ẹ̀ fi kó lọ sí Stoughton, tó jẹ́ pé oko ló pọ̀ níbẹ̀ nígbà yẹn. Bàbá ẹ̀ ń dáko, ó tún ń rán bàtà, ọ̀dọ̀ bàbá ẹ̀ yìí náà ló ti kọ́ṣẹ́. Ilé ìwé tó lọ ò tó nǹkan. Àwọn ìwé tí bàbá ẹ̀ ní nílé ló ń kà, pásítọ̀ ìjọ wọn, Samuel Dunbar, tó ti ka ìwé ní Harvard, sì tún ràn án lọ́wọ́. Wọ́n máa ń sọ pé tó bá ń rán bàtà, á ṣí ìwé kan sílẹ̀ níwájú ẹ̀, kó tó ti abẹ́rẹ́ bọ awọ báyìí á ti ka ìlà kan.

Bàbá ẹ̀ kú ní 1741. Ní 1743 ló kó lọ sí New Milford ní Connecticut, níbi tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ William ń gbé, wọ́n ní ẹsẹ̀ ló fi rìn ín, ju ọgọ́rùn-ún máìlì lọ, tó gbé irinṣẹ́ ṣúmẹ́kà sẹ́yìn. Bóyá ẹsẹ̀ ló fi rìn ín dé ibẹ̀ tán o, bóyá wọ́n kàn fi iyọ̀ sí i ni, èyí tó dájú ni pé ọmọ ọdún 22 ni, bàbá ti kú, ó sì ní àwọn àbúrò tí wọ́n ń wo ojú ẹ̀.

Báwo ni ṣúmẹ́kà ṣe wá di lọ́yà?

Ibí yìí ni mo fẹ́ràn jù, kí n má purọ́.

Ó mọ ìṣirò. Ìṣirò yẹn ló kọ́kọ́ yọ ọ́ nídìí bàtà, nítorí ní 1745 wọ́n fi ṣe sọ̀féyọ̀, àwọn tó ń wọn ilẹ̀, lágbègbè New Haven. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ra ilẹ̀ rí, ẹ mọ̀ pé ẹni tó bá ń wọn ilẹ̀ á gbọ́ ẹjọ́: ààlà ta ni, igi ta ni, ta ló kọ́kọ́ débẹ̀, ìwé wo lẹ ní. Torí náà ojoojúmọ́ ló ń bá ìwé ilẹ̀ àti ìjà ilẹ̀ pàdé. Owó tó ń rí nídìí ẹ̀ náà sì dáa, ó fi ra ilẹ̀ tiẹ̀. Òun àti ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Láti bíi 1750 ó tún ń tẹ àlùmánáàkì jáde lọ́dọọdún, òun fúnra ẹ̀ ló ń ṣírò ìgbà tí oòrùn máa yọ, ìgbà tí òṣùpá máa lé, gbogbo ẹ̀, ó sì ṣe é fún bí ọdún mẹ́wàá.

Wọ́n ní ọjọ́ kan aládùúgbò ẹ̀ kan bẹ̀ ẹ́ kó bá òun dé ọ̀dọ̀ lọ́yà nípa ọ̀ràn kan. Sherman ti kọ àwọn kókó ọ̀rọ̀ sílẹ̀ sínú bébà kó má baà gbàgbé, ló bá ń yọ ọ́ wò bó ṣe ń ṣàlàyé, lọ́yà ní kó jẹ́ kóun rí bébà yẹn, nígbà tó kà á tán ó ní èyí tó o kọ yìí ti tó mú lọ sí kóòtù, ó ṣe jẹ́ pé iṣẹ́ míì lò ń ṣe? Bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn. Ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé òfin fúnra ẹ̀, kò ní ọ̀gá kankan, ní February 1754 wọ́n gbà á sáàárín àwọn lọ́yà ní Litchfield.

Àwọn ọmọ máa ń ní sà, àbí àǹfààní ń bẹ nígbà yẹn ni, torí nísinsìnyí LL.B ni, Law School ni. Bẹ́ẹ̀ ni, nígbà yẹn kò sí ilé ẹ̀kọ́ òfin ní Amẹ́ríkà, ọ̀dọ̀ lọ́yà tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ lèèyàn ti máa ń kọ́ ọ bí ẹni kọ́ṣẹ́ télọ̀. Litchfield yẹn náà ni ọ̀kan nínú ilé ẹ̀kọ́ òfin àkọ́kọ́ níbẹ̀ ti wá bẹ̀rẹ̀ ní 1784, ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn tí Sherman ti gbàwé tiẹ̀. Àmọ́ ti Sherman tún wá yàtọ̀, nítorí òun ò tiẹ̀ ní lọ́yà kankan tó ń kọ́ ọ.

Kí ni ọ̀rọ̀ owó pépà tí wọ́n máa ń mẹ́nu bà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ẹ̀?

Ẹ rántí pé ó ní ṣọ́ọ̀bù. Nígbà yẹn ìlú kọ̀ọ̀kan ló ń tẹ owó pépà tiẹ̀, Rhode Island tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn wá ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń tẹ ìwé ìròyìn, owó yẹn ń já wálẹ̀ lójoojúmọ́. Oníbàárà á ra ọjà ní àwìn lónìí, tó bá máa san án lọ́dún tó ń bọ̀ á kó owó Rhode Island wá, iye tó wà lára ẹ̀ pé o, àmọ́ ohun tí owó yẹn lè rà ti dín kù pátápátá. Ní 1752 Sherman tẹ ìwé pélébé kan jáde lórí ẹ̀, orúkọ àdábọwọ́ ló fi sí i. Ohun tó ń sọ nínú ẹ̀ ò le: òṣùwọ̀n tó ń yí padà, òṣùwọ̀n èké ni, ẹni tó bá fi san gbèsè ti ja ẹlòmíì lólè. Gbogbo ẹni tó bá ti tajà ní Nàìjíríà láàárín ọdún mélòó kan yìí á yé.

Mo mẹ́nu ba èyí nítorí pé lẹ́yìn ọdún 35, ní August 1787, òun àti James Wilson ti Pennsylvania ló dábàá nínú ìpàdé Philadelphia, níbi tí wọ́n ti kọ òfin ìpìlẹ̀ Amẹ́ríkà, pé kí òfin lé ìpínlẹ̀ kúrò nídìí títẹ owó pépà pátápátá, kí ìpínlẹ̀ kankan má sì fipá mú èèyàn gba ohun míì fún gbèsè ju góòlù àti fàdákà lọ. Ó wọlé. Ó ṣì wà nínú òfin wọn títí dòní. Ohun tó bí ọlọ́ṣọ́ọ̀bù nínú ní New Milford ló di òfin orílẹ̀-èdè.

Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ aṣòfin?

Ọdún kan péré lẹ́yìn tó di lọ́yà. Ní 1755 New Milford rán an lọ sílé aṣòfin Connecticut, lọ́dún yẹn náà ni wọ́n fi ṣe adájọ́ kékeré, ní 1759 ó di adájọ́ kóòtù káńtì. Ní 1761 ó kó lọ sí New Haven, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù sítòsí Yale, ó ń ta ìwé àti ọjà míì fáwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ọkùnrin tí ò wọ yunifásítì rí yìí ni Yale fi ṣe akápò láti 1765 títí dé 1776, wọ́n sì fún un ní oyè Master of Arts ọlọ́lá ní 1768.

Ní 1766 wọ́n dìbò yàn án sílé àgbà nínú ìjọba Connecticut, lọ́dún yẹn kan náà ó tún di adájọ́ kóòtù gíga ibẹ̀, ó wá ń ṣe méjèèjì pọ̀ fún nǹkan bí ọdún 19. Ẹni tó ń ṣòfin láàárọ̀ ló tún ń fi òfin dájọ́ lọ́sàn-án! Lónìí a ò ní gbà, àmọ́ bí Connecticut ṣe ń ṣe nǹkan nìyẹn nígbà náà.

Wọ́n ní òun nìkan ló fọwọ́ sí ìwé mẹ́rin. Ìwé wo ni?

Àkọ́kọ́, àdéhùn 1774 pé àwọn ò ní ra ọjà Gẹ̀ẹ́sì mọ́. Ìkejì, ìkéde òmìnira 1776. Ìkẹta, ìwé tó kọ́kọ́ so àwọn ìpínlẹ̀ 13 pọ̀ kí wọ́n tó ní òfin ìpìlẹ̀, Articles of Confederation ni wọ́n ń pè é. Ìkẹrin, òfin ìpìlẹ̀ fúnra ẹ̀, ní 1787. Ọ̀pọ̀ fọwọ́ sí méjì, díẹ̀ fọwọ́ sí mẹ́ta, Sherman nìkan ni orúkọ ẹ̀ wà nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ní ti 1776, ó wà nínú kọmití ẹlẹ́ni márùn-ún tí wọ́n ní kó kọ ìkéde yẹn: Jefferson, John Adams, Franklin, Robert Livingston àti òun. Kẹ́nì kankan má tàn yín o, Jefferson ló kọ ọ́. Iṣẹ́ Sherman níbẹ̀ ò pọ̀, ó jọ pé ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe ni jíjókòó sínú kọmití kan sí òmíràn, owó ogun, oúnjẹ sójà, àdéhùn pẹ̀lú àwọn tó kọ́kọ́ ni ilẹ̀ Amẹ́ríkà, iṣẹ́ tí kì í mú orúkọ wá.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ ní Philadelphia ní 1787 gan-an?

Ẹ jẹ́ n farabalẹ̀ síbí, nítorí ibí ló kan ìbéèrè tí àwọn ọmọ mi fi bẹ̀rẹ̀.

Ìwé tó so àwọn ìpínlẹ̀ pọ̀ tẹ́lẹ̀ ò lágbára. Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì, ilé aṣòfin àpapọ̀ wọn, ò lè gba owó orí, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìbò kan, tó bá ní kí wọ́n san owó wọ́n lè pa á tì. Ni wọ́n bá pe ìpàdé sí Philadelphia. Connecticut rán èèyàn mẹ́ta, Sherman, Oliver Ellsworth àti William Samuel Johnson. Ọmọ ọdún 66 ni Sherman, Franklin tó ti lé ní 80 nìkan ló jù ú lọ nínú gbogbo ìpàdé yẹn.

Àwọn ará Virginia ti gbé ètò tiẹ̀ wá, ilé méjì, kí iye èèyàn máa jẹ́ òṣùwọ̀n nínú méjèèjì. Àwọn ìpínlẹ̀ ńlá ní ó dáa. Àwọn kéékèèké, Delaware, New Jersey, àwọn yẹn, ní rárá, ẹ fẹ́ gbé wa mì ni, ilé kan ṣoṣo tí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìbò kan ló tọ́. Ìjà yìí gbóná débi pé ẹnì kan láti Delaware, Gunning Bedford, dìde ní June 30 ó ní tí àwọn ìpínlẹ̀ ńlá bá dalẹ̀ àwọn, àwọn kéékèèké á wá ọ̀rẹ́ lókè òkun tó máa di àwọn lọ́wọ́ mú. Ọ̀rọ̀ ogun nìyẹn o, wọn ò sì tíì bọ́ nínú ogun Gẹ̀ẹ́sì pẹ́.

Sherman ti dá a lábàá láti June 11: ilé kan, kí iye èèyàn pinnu, ilé kejì, kí gbogbo ìpínlẹ̀ dọ́gba. Wọn ò gbà. Ó jókòó. Ó tún dìde. Ellsworth náà gbé e dìde. Àwọn tó ka ìwé ìpàdé yẹn ní Sherman sọ̀rọ̀ nígbà 138, ọ̀rọ̀ ẹ̀ kì í sì í gùn. Nígbà tí wọ́n wá dá kọmití tí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ẹnì kan nínú ẹ̀ sílẹ̀ ní July, Ellsworth ni wọ́n yàn fún Connecticut, ara ẹ̀ ò yá, Sherman ló lọ dípò ẹ̀, ohun tó ti ń sọ láti oṣù tó kọjá ni kọmití yẹn gbé jáde. Ní July 16 wọ́n dìbò, ìpínlẹ̀ márùn-ún gbà, mẹ́rin kọ̀, Massachusetts pín sí méjì. Ìbò kan ṣoṣo!

Bí Sẹ́nétì ṣe di ibi tí ìpínlẹ̀ kékeré àti ńlá ti jókòó dọ́gba nìyẹn. Ní Amẹ́ríkà lónìí Wyoming tí èèyàn ibẹ̀ ò tó 600,000 ní sẹ́nétọ̀ méjì, California tó ti lé ní mílíọ̀nù 38 náà ní méjì. Àwọn kan ní ìrẹ́jẹ ni, mo gbọ́ wọn, àmọ́ láìsí ìyẹn kì bá tí sí orílẹ̀-èdè tí wọ́n á máa jiyàn lé lórí.

Kí ló wá kan Nàìjíríà níbẹ̀?

Ní 1979 a pa ètò ìjọba tí Gẹ̀ẹ́sì fi sílẹ̀ fún wa tì, a mú ti Amẹ́ríkà. Ìpínlẹ̀ 19 ló wà nígbà yẹn, sẹ́nétọ̀ márùn-ún márùn-ún, 95. Lónìí ó jẹ́ mẹ́ta mẹ́ta fún ìpínlẹ̀ 36, Àbújá ní ẹyọ kan, àpapọ̀ 109. Ní ilé aṣojú-ṣòfin, 360, ibẹ̀ ni iye èèyàn ti ń ṣiṣẹ́: Èkó ní 24, Kano ní 24, Bayelsa ní 5. Torí náà tí ọmọ bá bi mí léèrè Bayelsa àti Kano, June 11, 1787 ni mo máa ń dá a padà sí.

Ṣé ó fẹ́ràn kí mẹ̀kúnnù máa dìbò?

Rárá, mi ò sì ní bò ó. Níbẹ̀rẹ̀ ìpàdé yẹn ó sọ ọ́ gbangba pé ọwọ́ àwọn aráàlú nínú ìjọba yẹ kó mọ níwọ̀n, nítorí wọn ò ní ìròyìn tó tó, wọ́n sì rọrùn láti tàn. Ó fẹ́ kí àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ máa yan gbogbo aṣòfin àpapọ̀. Apá kan nínú ohun tó fẹ́ ló rí gbà, nítorí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ló ń yan sẹ́nétọ̀ títí di 1913. Ó tún gbà pé iṣẹ́ ààrẹ ò ju kó ṣe ohun tí aṣòfin bá ní kó ṣe lọ. Ẹni tó rán bàtà fún mẹ̀kúnnù ni o, mo ti rò ó títí, ó ṣì ń dùn mí.

Kí ló sọ lórí ọ̀rọ̀ ẹrú? Ẹ sọ òótọ́ fún wa.

Òótọ́ náà ni mo fẹ́ sọ. Sherman fúnra ẹ̀ ò ní ẹrú. Ní 1783 Connecticut ní kí òun àti Richard Law tún gbogbo òfin ibẹ̀ tò, nínú ìwé tí wọ́n tò yẹn ni òfin kan ti jáde ní 1784 pé ọmọ tí ẹrú bá bí láti March 1 ọdún yẹn lọ, tó bá ti pé ọdún 25 ó di òmìnira. Ẹ ṣàkíyèsí ẹ̀ dáadáa, ìyá ọmọ yẹn ṣì wà lẹ́rú, ọmọ náà á ṣì sìn fún ọdún 25. Connecticut ò fòpin sí ẹrú pátápátá títí di 1848.

Ní August 1787 ọ̀rọ̀ kíkó ẹrú wọlé láti Áfíríkà délẹ̀. South Carolina àti Georgia ní tí wọ́n bá dí àwọn lọ́wọ́, àwọn ò sí nínú orílẹ̀-èdè yẹn mọ́. Sherman dìde ní August 22, ó ní òun ò fara mọ́ òwò náà, àmọ́ ó sàn kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ará gúúsù máa kó ẹrú wọlé ju kí wọ́n pàdánù wọn lọ. Ó ní ó jọ pé àwọn ìpínlẹ̀ ti ń fòpin sí níní ẹrú díẹ̀díẹ̀ fúnra wọn. Wọ́n dìbò ní August 25, pé kí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì má lè fòpin sí i kó tó di 1808, Connecticut dìbò pé àwọn gbà. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi owó orí lé ẹrú tó bá wọlé, Sherman tako ìyẹn, ó ní a ti ń sọ pé èèyàn jẹ́ dúkìá nìyẹn. Ẹ wò ó, ó mọ̀ pé èèyàn ni wọ́n! Ọ̀rọ̀ owó orí lásán ló fi jà, kò fi ọ̀rọ̀ ara wọn jà.

Ọdún mọ́kànlélógún ni 1787 sí 1808. Láàárín ẹ̀, pàápàá láti 1804 tí South Carolina tún ṣí ẹnu ọ̀nà ẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ni wọ́n já sílẹ̀ ní Charleston. Àwọn tiwa tí wọ́n kó láti ilẹ̀ Yorùbá, Brazil àti Cuba ni ọ̀pọ̀ wọn lọ, àwọn tó dé Amẹ́ríkà ò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ òwò kan náà ni, ọkọ̀ kan náà. Èmi gbà pé ọwọ́ tó mọ bí wọ́n ṣe ń wá àárín ọ̀rọ̀ ló mọ Sẹ́nétì, ọwọ́ yẹn náà ló sì fi àwọn èèyàn yìí san owó ilé. Mi ò lè kọ́ ọmọ ní ìkan kí n fi ìkejì pamọ́.

Wọ́n ní ó lòdì sí Bill of Rights, ìwé ẹ̀tọ́ aráàlú tí wọ́n fi kún òfin ìpìlẹ̀, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Níbẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ìwé ẹ̀tọ́ ti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀, ó ti tó. Àmọ́ ní 1789 tó wọ ilé aṣojú-ṣòfin àkọ́kọ́, James Madison gbé àtúnṣe wá, ó fẹ́ kí wọ́n máa há ọ̀rọ̀ tuntun sáàárín ọ̀rọ̀ àtijọ́ nínú òfin náà. Sherman ní èyí ò dáa, ìwé tí àwọn èèyàn ti fọwọ́ sí ò yẹ ní títọwọ́ bọ̀, ẹ fi àtúnṣe sí ìsàlẹ̀ ẹ̀. Wọn ò gbà lákọ̀ọ́kọ́, nígbà tó fi máa di August 19 wọ́n gbà fún un. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé First Amendment, Second Amendment, gbogbo wọn tò sẹ́yìn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ tí èèyàn lè nàka sí wọn, wọn ò há sáàárín. Ká ní ti Madison ló wọlé ni, bóyá ẹnì kankan ò ní lè pe orúkọ wọn bẹ́ẹ̀ lónìí.

Ìyàwó ńkọ́, ọmọ ńkọ́?

Ìyàwó àkọ́kọ́, Elizabeth Hartwell, 1749, ọmọ méje, ó kú ní 1760. Ó fẹ́ Rebecca Prescott ní 1763, ọmọ mẹ́jọ. Ẹ ṣírò ẹ̀, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àwọn kan nínú wọn kú ní kékeré. Díẹ̀ nínú àwọn ọmọkùnrin ẹ̀ bá wọn jagun òmìnira.

Ṣé òun ni bàbá General Sherman tó jagun abẹ́lé wọn?

Rárá o. William Tecumseh Sherman àti àbúrò ẹ̀, Sẹ́nétọ̀ John Sherman, mọ̀lẹ́bí tó jìnnà ni wọ́n, kì í ṣe àwọn ọmọ ẹ̀.

Irú èèyàn wo ni?

Ó ga, ó le koko, kì í wọṣọ oge. Ẹni kan tó bá a jókòó nínú ìpàdé Philadelphia, William Pierce ti Georgia, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìrísí bàbá yìí ṣàjèjì, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ ò dán, bó ṣe ń ju ọwọ́ tó bá ń sọ̀rọ̀ ò wuyì rárá, síbẹ̀ Pierce yìí náà ló ní kò sẹ́ni tí ọkàn ẹ̀ mọ́ tàbí tí orí ẹ̀ pé jù ú lọ. John Adams ní ó jẹ́ olóòótọ́ bí áńgẹ́lì. Wọ́n ní Jefferson fi í han àlejò kan, ó ní ọkùnrin yẹn ò sọ ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ kankan rí láyé ẹ̀. Ẹ lọ wo àwòrán ẹ̀ tí Ralph Earl yà, ó jókòó gbọningbọnin sórí àga onígi bí ẹni tí ẹ bá jẹ lówó tí ẹ ò tíì san.

Báwo ló ṣe kú?

Ó ti di méyọ̀ New Haven láti 1784, òun ni méyọ̀ àkọ́kọ́ níbẹ̀, ó sì wà lórí ẹ̀ títí tó fi kú. Ní 1791 William Samuel Johnson fi ipò sẹ́nétọ̀ sílẹ̀, wọ́n rán Sherman lọ dípò ẹ̀, ó wá jókòó sínú ilé tí òun fúnra ẹ̀ bá wọn jà fún. Ibà táífọ́ọ̀dù ló pa á ní July 23, 1793, ọmọ ọdún 72. Itẹ́ òkú Grove Street ní New Haven ló wà.

Ìran ẹ̀ ńkọ́, ṣé ẹnì kankan nínú wọn ṣe nǹkan gidi?

Ọ̀kan wà tí mo máa ń fi parí kíláàsì yẹn. Ní January 1793, Rebecca ọmọ Sherman bí ọmọkùnrin kan, wọ́n sọ ọ́ ní orúkọ bàbá àgbà, Roger Sherman Baldwin. Oṣù mẹ́fà àti díẹ̀ ni ọmọ yẹn nígbà tí bàbá àgbà kú. Òun náà di lọ́yà ní New Haven.

Ní 1839 wọ́n kó ọkọ̀ ojú omi kan wọ Connecticut, Amistad lorúkọ ẹ̀. Àwọn ọmọ Áfíríkà 53 ni wọ́n fi í kó láti Havana, ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ Mende láti ibi tí à ń pè ní Sierra Leone lónìí. Ọ̀kan nínú wọn, Sengbe Pieh, ló ṣáájú wọn tí wọ́n fi gba ọkọ̀ náà lójú òkun. Wọ́n tì wọ́n mọ́ ẹ̀wọ̀n ní New Haven, àwọn ará Sípéènì méjì tó ní àwọn ló ni wọ́n mú ìwé jáde, orúkọ Sípéènì ni wọ́n kọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ẹ̀ kí wọ́n lè dà bí ẹrú tó ti pẹ́ ní Cuba. Baldwin wà lára àwọn tó gbé ẹjọ́ wọn. Ohun tó ń sọ ni pé irọ́ ni ìwé yẹn, Áfíríkà ni wọ́n ti ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọn, òfin Sípéènì fúnra ẹ̀ ti fòfin de òwò yẹn, torí náà wọn kì í ṣe dúkìá ẹnikẹ́ni. Kò sẹ́ni tó gbọ́ èdè wọn, àfi ìgbà tí ọ̀jọ̀gbọ́n Yale kan, Josiah Gibbs, kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ení, èjì, ẹ̀ta ní Mende, tó wá ń kà á sókè kiri etíkun New York títí tó fi rí James Covey tó gbọ́ ọ, ọmọ Mende tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú, bí wọ́n ṣe gba Àjàyí Crowther tiwa sílẹ̀ ní 1822.

Ẹjọ́ náà dé kóòtù tó ga jù ní Amẹ́ríkà, Baldwin rojọ́ níbẹ̀, John Quincy Adams tó ti jẹ ààrẹ rí náà rojọ́. Ní March 9, 1841 wọ́n dá wọn sílẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà ni Crowther wọ ọkọ̀ láti Freetown gba ojú Odò Ọya lọ. Nínú àwọn 53, 35 ló ṣẹ́ kù láàyè tó wọ ọkọ̀ padà ní November, wọ́n gúnlẹ̀ ní Sierra Leone ní January 1842.